Àrokò tí Fálùyí Kò Tú

Láyé àtijọ́, nígbà tí ìránṣẹ́ ọba ṣì ń fi ojú àti etí ṣiṣẹ́ (ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ̀rọ̀ débi tàwọn ti ìsinsìnyí), emesẹ̀ kan wà láàfin Òkè-Àyìnrín, Fálùyí ni orúkọ rẹ̀. Àwọn emesẹ̀ ni ọba máa ń rán níṣẹ́ sí ìlú mìíràn.

Ọdún keje rèé tí Adéwùsì, àbúrò ọba, ti bínú kúrò nílé. Síbẹ̀, ọba kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn ní yàrá àbúrò rẹ̀ yìí, Fálùyí ló sì ń gbá a láràárọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, ọba á gbórí sókè, á ní, "Ta nìyẹn?" Wọn á ní lágbájá ni, ojú rẹ̀ á sì wálẹ̀. Àárò ọmọ ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́ gan-an ni.

Lọ́jọ́ kan, Adéwùsì fi obì ránṣẹ́ wá bẹ̀bẹ̀. Inú bí ọba.

"Obì ló rán wá, kò lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ wá."

Ó so owó ẹyọ méjì pọ̀, ó jẹ́ kí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra. Àrokò ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, n kò fẹ́ rí ọ mọ́. Ó nà án sí Fálùyí. "Iṣẹ́ ẹrú ni mo rán ọ. Jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o máa bọ̀."

Ọjọ́ méjì ni Fálùyí fi rìn. Ẹni tó bá tú àrokò ọba ń fi orí ara rẹ̀ ṣeré, ó mọ̀. Ó sì mọ̀ pé ọba ti darúgbó. Bí iṣẹ́ yìí bá dé bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì kò ní fojú kanra mọ́ láyé.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Adéwùsì, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àrokò náà kalẹ̀. Adéwùsì wò ó, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ti parí nìyẹn."

"Ohun tí Kábíyèsí fi rán mi nìyẹn, n kò tú u," ni Fálùyí wí. "Ṣùgbọ́n wọn kò so ojú tèmi mọ́ ọn. Èmi ni mò ń gbá yàrá yín láràárọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá dún, ẹ̀yin ni wọ́n ń retí. Obì kọ́ ni wọ́n ń wá."

Ní ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ dún lẹ́nu ọ̀nà ààfin.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Adéwùsì ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọba sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó nu ojú tán, ó kọjú sí Fálùyí. "Iṣẹ́ ẹrú ni mo rán ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí. Bí ọmọ ilé yìí ni mo ṣe jẹ́ ẹ."

Ọba gba àrokò náà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú u. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń wí títí dòní pé, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ.