Òkúta Tí Akínbámi Fi Ọṣẹ Fọ̀

Omi tó mọ́ gaara lè pa ẹja. Fáyọ̀kẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń sin ẹja aláwọ̀ wúrà nínú ọpọ́n lẹ́yìn ilé ọkọ rẹ̀. Ẹja wọ̀nyí nìkan ló lè pè ní tirẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí Akínbámi, ọkọ rẹ̀, gbé àpótí gíláàsì tuntun sí pálọ̀ de àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá bá a yọ̀ fún oyè rẹ̀, Fáyọ̀kẹ́ kó òkúta yíyọ̀ láti inú ọpọ́n sínú omi inú àpótí náà.

"Bàbá Tìmílẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí omi yìí gbó ná. Ìdọ̀tí ẹja máa ń di májèlé nínú omi tuntun. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí, tó ń jẹ májèlé náà, wà lára òkúta yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i."

Akínbámi rẹ́rìn-ín. "Ṣé ògì ni, tí a ó máa dúró kó kan?"

Bí ìyàwó ti jáde, ó fi ọṣẹ fọ òkúta náà, ó sì da gbogbo ẹja inú ọpọ́n sínú àpótí.

Àlejò dé, wọ́n yìn ín. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, gbogbo ẹja kú, wọ́n léfòó.

"Màmá, òkúta ìdọ̀tí ìyàwó yín ló pa wọ́n," ni Akínbámi sọ fún ìyá rẹ̀.

Ìyá náà mi orí. "Ìyàwó, a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Kúnlẹ̀, bẹ ọkọ rẹ."

Fáyọ̀kẹ́ kúnlẹ̀. "Màmá, ọmọ yín ló lá ọbẹ̀. Ahọ́n mi ló bó."

"Mo mọ̀," ni ìyá ọkọ rẹ̀ fèsì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìṣojú mi ló ti fọ òkúta. Ṣáà bẹ̀ ẹ́."