Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ọkọ̀ Àlòkù Bàbá Alágẹmọ

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ní èbúté, kò mú àjẹ̀ dání, ó gun ìgbì títí, ó sì lọ já lé Ọ̀kẹ́rẹ́ lórí. Ìwọ tó ń họra lẹ́yìn yẹn, jókòó. Orin wà nínú rẹ̀. Tí mo bá ti dá a, ẹ máa gbè é pé, "Ojú omi la ó ti mọ̀." Ẹ gbè é kí n gbọ́.

— Ojú omi la ó ti mọ̀!

Ó dáa. Mo ti gbọ́ èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gbé lórí ọ̀pẹ kan létí ọ̀sà, òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni tọkọtaya yìí fi kó èkùrọ́ jọ, wọ́n kó o sínú ihò ara igi náà, ihò kún dẹ́nu. Oúnjẹ òjò ni. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ létí ọ̀sà yẹn, kò sẹ́ni tó ń jáde. Ohun tó bá wà nílé ni ọmọ máa jẹ. Tí kò bá sí nǹkan nílé, ọmọ ò ní jẹun nìyẹn.

Ní ọjọ́ kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ rí àwọn ọmọ Erinmi lórí omi. Erinmi ni olówó ọ̀sà. Ó ti ra ọkọ̀ tuntun tí ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wà nínú ikùn. Ọkọ̀ apẹja, ẹ̀yìn ni ẹ̀ńjìnnì tiwọn máa ń wà, ẹni tó bá sún mọ́ ọn, á gé e lẹ́sẹ̀. Èyí yàtọ̀. Bó bá ń lọ, ìdí rẹ̀ á rì díẹ̀, ìgbì á dìde lẹ́yìn rẹ̀ rọ̀gbọ̀dọ̀, ọmọ Erinmi á dúró lórí pákó pẹlẹbẹ, á máa gun ìgbì náà lọ. Tó bá ti dìde, kò ní di okùn tí ọkọ̀ fi ń fà á mú mọ́. Ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ délé, kò lè jẹun.

"Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún, èmi náà fẹ́ gun ìgbì."

"Bàbá Rẹ̀mílẹ́kún, ẹ ò mọ̀wẹ̀."

"Ṣé mo ní mo fẹ́ wẹ̀ ni? Mo ní mo fẹ́ gun ìgbì."

"Kí lẹ fẹ́ fi ra ọkọ̀?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo ihò èkùrọ́. Ìyàwó rẹ̀ náà wo ihò èkùrọ́.

"Àlòkù ni màá rà," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Àlòkù ò wọ́n."

Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé etí rẹ̀ ti di. Ó ní, "Bàbá mi tukọ̀ kí wọ́n tó kú, ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyí. Kí wọ́n tó tan ẹ̀ńjìnnì, ẹ fọwọ́ kàn án, kó tutù. Tí wọ́n bá ti tan án sílẹ̀ dè yín, àìsàn ń bẹ lára rẹ̀. Ẹ ṣí pákó ilẹ̀ rẹ̀, ẹ wò ó bóyá igi abẹ́ rẹ̀ ti jẹrà. Kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sójú omi kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní èkùrọ́ ọmọ mi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ bá Bàbá Alágẹmọ, àgbà tó ń ta ọkọ̀ àlòkù ní èbúté. Kò sí ẹni tó jù ú lọ ní gbogbo etí omi, òun náà sì mọ̀. Ó ti fi ọ̀dà kun ọkọ̀ náà, ó ń dán yinrin. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe yọ lọ́ọ̀ọ́kán ni bàbá ti dá orin:

Ọkọ̀ mi rèé, ọkọ̀ àrà,
— Ojú omi la ó ti mọ̀!
Ó ń dán bí ẹyin ojú ọba,
— Ojú omi la ó ti mọ̀!
Ikùn rẹ̀ le, ìdí rẹ̀ wúwo,
— Ojú omi la ó ti mọ̀!
Ọmọ tó gbọ́n ni yóò mú un lọ,
— Ojú omi la ó ti mọ̀!

Ẹ̀yin lẹ gbè é o. Ọ̀kẹ́rẹ́ ò gbè é.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó dìde, ó fọwọ́ kan ẹ̀ńjìnnì. Ó yára yọwọ́.

"Bàbá, ó gbóná."

"Oòrùn ni. Ṣé mo jọ òpùrọ́ lójú rẹ?"

"Ó tì o, bàbá!" Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó dìde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo abẹ́ pákó yẹn díẹ̀."

"Ha! Abẹ́ àgbà lo fẹ́ yẹ̀ wò?"

"Ẹ má bínú, bàbá!" Ó tún dọ̀bálẹ̀. Imú rẹ̀ kan ara ọkọ̀, ọ̀dà tútù lẹ̀ mọ́ ọn nímú. Ó rí i, ó rọra nù ún kúrò. "Ó wá ku ká gbé e dé ojú omi, bàbá."

"Ẹ̀yìn ń dùn mí. Kúnlẹ̀, kí n ṣàdúrà fún ọ."

Ọ̀kẹ́rẹ́ kúnlẹ̀.

"Wàá lò ó pẹ́."

"Àṣẹ."

"Kò ní kúrò lọ́wọ́ rẹ."

"Àṣẹ, bàbá."

Ọjà ti parí. Ẹni tó bá ti ṣe àṣẹ sí àdúrà àgbà, tó tún ní òun fẹ́ dán ọjà wò, àdúrà yẹn ló ní kò gbà. Kò sí ọmọ ilé ire tó jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá Alágẹmọ kó èkùrọ́, ihò igi ṣófo.

Ilẹ̀ mọ́, gbogbo ẹranko jáde wá wòran. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún mú ìtọ́kọ̀, àwọn ọmọ jókòó tì í. Ọ̀kẹ́rẹ́ di òkúta jọ sí ìdí ọkọ̀, kí ìdí lè rì, kí ìgbì lè ga. Ẹ̀ńjìnnì wúkọ́, húkọ́, húkọ́. Ó sinmi. Ó tún wúkọ́. Ó wá gbá a: gùrùrùrù!

Ìgbì dìde. Ọ̀kẹ́rẹ́ dúró lórí pákó, ó na ìrù sókè, ó jọ̀wọ́ okùn. Ó ń gun ìgbì! Etí omi hó yèè. N ò ní purọ́ fún yín, ó dùn. Ó dùn tó ìgbà tí èèyàn á fi sín lẹ́ẹ̀kan.

Gbàgàdà! Òkúta já pákó tó ti jẹrà, ó gba ìsàlẹ̀ ọkọ̀ jáde. Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún figbe orin ta:

Bàbá Rẹ̀mí, ẹ wo iwájú,
— Ojú omi la ó ti mọ̀!
Omi ti dé kókósẹ̀ mi,
— Ojú omi la ó ti mọ̀!
Omi ti dé orúnkún mi,
— Ojú omi la ó ti mọ̀!
Omi ti mu ọmọ dé ọrùn,
— Ojú omi la ó ti mọ̀!

Ẹ̀ńjìnnì ṣe pọ̀ọ́. Ìgbì tú ká. Ọ̀kẹ́rẹ́ rọra ń rì, ó ṣì na ìrù sókè. Ọlọ́run ló ní kí Pẹ́pẹ́yẹ wà nítòsí. Ó kó àwọn ọmọ lé pákó pẹlẹbẹ yẹn, ó kó ìyá wọn, ó fi ẹnu fa bàbá wọn ní ìrù. Ọkọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ọ̀dà rẹ̀ léfòó.

Òjò ti ń ṣú. Tọkọtaya lọ bá Bàbá Alágẹmọ níbi tí gbogbo ẹranko pé jọ sí.

"Bàbá, ọkọ̀ rì," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

"Ṣé àdúrà mi ò gbà ni?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ fà á ní apá, òun fúnra rẹ̀ kúnlẹ̀. "Àdúrà yín gbà, bàbá. Ẹ ní kò ní kúrò lọ́wọ́ wa. Ó wà nísàlẹ̀ omi níbẹ̀ yẹn, kò kúrò. Àwa náà wá ṣàdúrà fún yín ni. Ẹ ó pẹ́ fún wa, bàbá."

"Àṣẹ," ni bàbá wí.

"Ẹ ò ní ṣàìsàn."

"Àṣẹ."

"Ojú ò ní tì yín láwùjọ."

"Àṣẹ, ọmọ mi."

"Ọwọ́ ara yín lẹ ó fi kó èkùrọ́ àwọn ọmọ wa padà sínú ihò, kí òjò tó dé."

"Àṣẹ."

Ẹnu rẹ̀ ló sáré. Gbogbo ayé ti gbọ́. Bàbá Alágẹmọ fi ojú kan wo ọ̀tún, ó fi ìkejì wo òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ru èkùrọ́ lọ sí orí ọ̀pẹ, kò sì wù ú. Yóò gbé ẹsẹ̀ síwájú, yóò fà á padà. Yóò tún gbé e, yóò tún fà á. Bó ṣe ń rìn títí dòní nìyẹn. Ẹ lọ wò ó.

Ibi tí mo gúnlẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá purọ́ mọ́ ọn, kí wọ́n fi ẹnu mi dí ihò ọkọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé ká máa bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa. Ṣùgbọ́n tí ọjà bá wà láàárín yín, ẹ dìde, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sójú omi. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó ṣe àṣẹ.