Ìkòkò Ọbẹ̀ Ọyẹ́ ní Ilé Alápó

Àṣà kan wà ní agbo ilé Alápó tí kò sí ní ilé mìíràn. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ètè ń là, tí àwọn àgbà kò sì fẹ́ jìnnà sí ẹ̀gbẹ́ iná mọ́, ìyàwó tó bá wọlé lọ́dún náà ni yóò se ọbẹ̀ ọyẹ́ fún gbogbo ilé. Ohun tí wọ́n gbìn sẹ́yìnkùlé, ohun tí wọ́n já nínú ìgbẹ́ àti ẹran tí tàkúté bá pa nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ ìkòkò náà. Yàtọ̀ sí iyọ̀, nǹkan ọjà kì í dé ibẹ̀. Bí ó bá dé ibẹ̀, wọn a da ọbẹ̀ náà nù, wọn a sì ní kí ìyàwó di ẹrù rẹ̀, kó padà lọ kọ́ ọbẹ̀ sísè lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, Mosúnmọ́lá ni ìyàwó. Ó lẹ́wà, ọ̀rọ̀ sì dá lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń fi pamọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà nílùú, òun náà ló sì fi í fọ́kọ. Àwọn àna rò pé òun ló bí i, Mosúnmọ́lá kò sì tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ìyá tó bí i gan-an wà ní abà, níbi tó ti ń dá oko àkùrọ̀ létí odò. Ẹrẹ̀ kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èéfín kì í sì kúrò láṣọ rẹ̀. Ìyá Àkùrọ̀ ni wọ́n ń pè é. Báwo ni Mosúnmọ́lá yóò ṣe dárúkọ rẹ̀ nílé tí Fẹ̀yíṣọlá, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ti ń fi àwọn ará abà ṣẹ̀sín láràárọ̀?

Ọyẹ́ ọdún náà le. Mosúnmọ́lá ní egúsí, ó ní ata gbígbẹ, ó ní irú àti epo tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, ọkọ rẹ̀ sì ti fi tàkúté mú òkété. Ewé ni kò sí. Gbogbo ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé ti gbẹ. Nígbà tí ọ̀nà kò gba ibòmíràn mọ́, ó ránṣẹ́ sí abà ní bòókẹ́lẹ́.

Ìyá rẹ̀ ló gbé agbọ̀n náà wá fúnra rẹ̀.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ wá fúnra yín," ni Mosúnmọ́lá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ta ni mo fẹ́ rán? Ọyẹ́ ti lé gbogbo èèyàn sídìí iná." Ìyá rẹ̀ ṣí agbọ̀n, ó sì fi oríkì pè é. "Àwẹ̀ró, wò ó. Ebòlò."

"Ebòlò tó ń rùn yìí! Ẹ ò rí gbúre, ẹ ò rí tẹ̀tẹ̀?"

"Èyí tí ìgbẹ́ fún mi ni mo já."

Bí wọ́n ti wà lẹ́nu rẹ̀ ni Fẹ̀yíṣọlá yọjú. "Ìyàwó, ta ni àlejò wa?"

Ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu Mosúnmọ́lá. "Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni. Ó ń kọjá lọ ni."

Ìyá Àkùrọ̀ wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí, "mò ń kọjá lọ ni." Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, nínú oòrùn, kó lè sinmi díẹ̀.

Mosúnmọ́lá dojú kọ ebòlò. Ó bọ̀ ọ́, ó da omi rẹ̀ nù. Ó tún un bọ̀. Ó fún un títí ó fi dà bí òwú tútù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gún irú sí i, ó rún efinrin gbígbẹ lé e, ó fi òkété yíyan bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìkòkò, ó fi imú fa ooru rẹ̀. Kò rùn mọ́. Lójú tirẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé abọ́ fún. Ó ki òkèlè bọ̀ ọ́, ó gbé e mì, gbogbo ilé sì ń wò ó lẹ́nu.

"Ó dùn. Ewé wo nìyí, ìyàwó?"

"Tẹ̀tẹ̀ ni, Ìyá."

Ìyá Àgbà tún gbé abọ́ súnmọ́ imú. "Láti ìgbà wo ni tẹ̀tẹ̀ ti ń rùn báyìí? Ebòlò nìyí. Níbo lo ti já a?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni."

"Ẹ̀yìnkùlé wa tí ewúro gan-an ti wọ́wé tán?" Fẹ̀yíṣọlá pàtẹ́wọ́. "Irọ́ ni, Ìyá! Ó rà á ni. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó tà á fún un ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ẹnu ìyàwó fúnra rẹ̀ ló fi sọ fún mi pé ẹlẹ́fọ̀ọ́ ni. Nǹkan ọjà ti wọ ìkòkò ọyẹ́! Ìyàwó, ó yá, lọ di ẹrù rẹ."

Ọkọ Mosúnmọ́lá gbé òkèlè tó ti mú sílẹ̀.

Ìyá Àgbà yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ tà á fún un ni?"

Ìyá Àkùrọ̀ rọra dìde. Bí ó bá ní òun tà á, wọn yóò lé ọmọ rẹ̀. "Rárá o," ló wí. "N kò tà á. Mo fi tọrẹ ni."

"Ẹ gbọ́!" ni Fẹ̀yíṣọlá ké. "Ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń fi ẹ̀fọ́ tọrẹ nínú ọyẹ́! Kí lòun náà fẹ́ jẹ?"

Ìyá Àkùrọ̀ kàn wo ọmọ rẹ̀. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀ rárá. Ojú ẹni tó ń tọrọ àforíjì pé òun wá ni. Èyí ló dun Mosúnmọ́lá jù.

"Mosúnmọ́lá, ta nìyí?" ni Ìyá Àgbà bi í.

Ó la ẹnu. Ètè rẹ̀ tí ọyẹ́ ti gbẹ ya, ẹ̀jẹ̀ yọ. "Ìyá mi ni. Òun ló bí mi."

Fẹ̀yíṣọlá pàápàá tẹ ojú mọ́ abọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà bọ́ sílẹ̀ lórí ẹní, ó kúnlẹ̀. "Àna wa, ẹ forí jì wá. Àṣé ẹ̀yin lẹ wà nínú oòrùn, tí a sì ń jẹ ẹ̀fọ́ yín!" Ó fà á lọ́wọ́, ó fi í jókòó ti ara rẹ̀, ó sì yíjú sí àwọn yòókù. "Ẹ máa jẹun. Ta ní í ta ẹ̀fọ́ fún ọmọ tó bí?"

Ìyá Àkùrọ̀ tọ́ ọbẹ̀ náà wò. "Ó dùn," ló wí, "ṣùgbọ́n o fún un jù, Àwẹ̀ró. Gbogbo adùn rẹ̀ lo fún dànù. Òórùn rẹ̀ nìkan ló kù."

Wọ́n jẹ ọbẹ̀ náà tán. Mosúnmọ́lá kò lè jẹ níbẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà, ó ń bomi sí ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì lè gbójú sókè. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nìkan ló ń rí, àti ẹrẹ̀ àkùrọ̀ tó gbẹ sínú gìgísẹ̀ tó là.

Láti ọjọ́ náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ń fi orísun rẹ̀ pamọ́, ìkòkò ilé Alápó ni wọ́n ń rántí, wọn a sì pa á lówe pé: kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́.