Ilé Dígí tí Ológbò Kọ́ fún Ẹja

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó já sómi, ó gba ojú fèrèsé wọ pálọ̀ Ológbò lọ. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ̀yin àgbà tó ń ṣe bí ẹni pé ẹ kò gbọ́, ẹ kúkú sún mọ́ ibí.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀gbẹlẹ̀ dá nílùú àwọn ẹranko. Odò gbẹ, gbẹ, gbẹ, títí ó fi ku ibú kan ṣoṣo nísàlẹ̀ òkè tí ilé Ológbò wà lórí rẹ̀. Inú ibú yìí ni gbogbo ẹja há sí. Láràárọ̀, Ológbò a lọ jókòó sétí omi, a máa wò wọ́n. Ẹja ń bẹ, ebi ń bẹ, omi ló wà láàárín. Ológbò kò sì jẹ́ fi ẹsẹ̀ kan omi. Bí ìrì bá sẹ̀ lásán, kò ní jáde nílé.

Bó ṣe ń wo ẹja lọ ni àánú wọn ṣe é. Ẹ kò mọ̀ pé aláàánú ni Ológbò? Èmi náà kò mọ̀. Ó ní, "Bí n kò bá lè bá ẹja lọ sínú omi, kí omi gbé ẹja wá bá mi nílé." Ló bá nu irùngbọ̀n rẹ̀, ó fi ẹkún díẹ̀ dánra wò, ó sì ké sí Bàbá Àrọ̀, arúgbó onírùngbọ̀n gígùn tó jẹ́ olórí àwọn ẹja.

"Bàbá, ẹ kú ìyà ọ̀gbẹlẹ̀ o. Àwa onírùngbọ̀n, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Mo fẹ́ fi dígí kọ́ ilé omi sí pálọ̀ mi fún yín. Ẹyẹ apẹja kò ní rí yín níbẹ̀, Ọ̀ọ̀nì kò ní rí yín."

"Ìwọ alára ńkọ́?"

"Èmi? Èmi á máa ṣọ́ yín tọ̀sán-tòru."

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù náà nìyẹn."

Ọmọ ẹja kan ní, "Bàbá, ẹ wojú rẹ̀, ó mà ń sunkún."

Bàbá Àrọ̀ ní, "Ẹkún kọ́, ọmọ mi. Omi ẹnu rẹ̀ ló ṣìnà gba ojú jáde. Ológbò, a gbọ́ o. Omi wa ṣì tó wa."

Ó dun Ológbò. Kò sí ohun tó ń dun olóore tó kí wọ́n kọ oore rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò bínú. Ó lọ pe Akàn, kó wá kọ́ ilé náà.

Ẹ má bi mí níbi tí wọ́n ti rí dígí o. Ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ kò yà yín lẹ́nu, dígí ló wá fẹ́ yà yín lẹ́nu.

Iṣẹ́ Akàn dára, kò kàn mọ ohun tí wọ́n ń pè ní iwájú. Ẹ̀gbẹ́ ló ń rìn, ẹ̀gbẹ́ náà ló ń wọn nǹkan. Ó fi ẹ̀gbẹ́ wọn pálọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ gé dígí, ó fi oje igi lẹ̀ wọ́n pọ̀ lábẹ́ igi ọ̀pẹ. Nígbà tí àpótí dígí dé ẹnu ọ̀nà, ó fẹ̀ ju ilé lọ.

Akàn ní, "Ọ̀gá, dígí ò ṣe é tẹ̀. Ilé yín ló máa yẹ̀ fún un."

Wọ́n wó ògiri iwájú pátápátá. Àpótí wọlé, ibùsùn Ológbò jáde. Láti ọjọ́ náà ni olóore ti ń sùn sí abẹ́ ẹ̀fọn.

Akàn tún ní, "Ohun tó wúwo báyìí ń fẹ́ ohun tí á gbé e dúró. Òkúta ńlá ni mo nílò."

"Kó àwọn tó wà lẹ́nu ibú wá."

"Háà, àwọn ló dá omi dúró níbẹ̀. Bí mo bá kó wọn, omi á jò lọ o."

"Á jò lọ?" Ológbò fọwọ́ lérán. "Ó mà ṣe o. Lọ kó wọn."

Ó ku ìdérí pákó. Ilẹ̀kùn wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìkọ́ tí wọ́n fi ń ti í láti òde. Ológbò tún ní kí Akàn lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà. Ó na apá rẹ̀ lé pákó. "Apá mi yìí gan-an ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Kò gbọdọ̀ fi irun kan tóbi jù."

"Kí ló ń gba ibẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Afẹ́fẹ́ àdúgbò yín mà ní èékánná."

"Akàn, ṣé iṣẹ́ lo wá ṣe àbí ìwádìí?"

Akàn lu ihò.

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Omi ibú jò títí ẹ̀yìn àwọn ẹja fi yọ síta. Àwọn ọmọ wẹẹrẹ ń yánu sókè. Bàbá Àrọ̀ wo ojú wọn, ó gbé agídí jù sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n sọ fún Ológbò pé àwọn ń bọ̀.

Erin ló ru omi. Ológbò ti ṣèlérí pé òun á dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, Erin sì fẹ́ràn ọpẹ́. Ó fi ọwọ́jà fa ìwọ̀nba omi tó kù, ó gbé e gun òkè, ó dà á sínú dígí. Ó kó àwọn ẹja sínú ìkòkò ńlá kan, ó gbé wọn kalẹ̀ síwájú ilé. Gbogbo ìlú ti pé síbẹ̀. Ológbò sọ̀rọ̀ lórí ìfẹ́, ó sì ń lá ètè.

"Ó yá, Bàbá. Ẹ máa wọlé."

Bàbá Àrọ̀ yọ orí nínú ìkòkò. "Kí á wọlé? Ṣé o ti ṣílé ni?"

Nílùú yẹn, èèwọ̀ ni kí àlejò ṣáájú onílé wọ ilé tuntun. Onílé ló ń kọ́kọ́ wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, àlejò á kọrin lóde. Bí orin bá parí ni wọ́n tó ń ṣílẹ̀kùn.

Ológbò ní, "Ẹ̀yin ará ìlú, mo... mo wẹ̀ lánàá."

Erin ní, "Onílé ń bẹ̀rù ilé rẹ̀ ni?"

Ológbò wo omi. Ó wo ìkòkò. Ìrù ẹja ń ta fìn-ín-fìn-ín nínú rẹ̀. Ó rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé orin kan péré ló wà láàárín òun àti oúnjẹ tí òun á máa jẹ títí òjò á fi dé. Ó dijú, ó bẹ́ sómi. Akàn ti ilẹ̀kùn, ó fi ìkọ́ kọ́ ọ. Bàbá Àrọ̀ dá orin, àwọn ẹja ń gbè é:

*Onílé ń ṣílé o,*
*Wẹ̀rẹ̀ńwẹ̀!*
*Àlejò ń wòran o,*
*Wẹ̀rẹ̀ńwẹ̀!*
*Ilé tó tutù tó báyìí,*
*Wẹ̀rẹ̀ńwẹ̀!*
*Onílé, má kánjú jáde,*
*Wẹ̀rẹ̀ńwẹ̀!*

Orin náà gùn. Bó bá parí, Bàbá Àrọ̀ a rántí ibi tí òun ti fò. Ológbò gbá imú mọ́ abẹ́ ìdérí, ó ń jà fún èémí. Ó rí ihò. Ó ki orí sí i, orí kò gbà. Ó ki apá sí i, apá gbà wẹ́kú. Akàn kì í ṣe iṣẹ́ àṣìṣe. Ló bá ń fi apá náà pe ìlú: ẹ gbà mí, ẹ gbà mí!

Erin ní, "Ẹ wo olóore bó ṣe ń juwọ́ sí wa!" Gbogbo ìlú juwọ́ padà.

Apá náà tún yára sí i.

Erin ní, "Háà, mo ti mọ ohun tó ń wí. Ó ní omi ò tó!" Bí Ológbò ti fa apá wọlé, Erin ki ẹnu ọwọ́jà bọ ihò náà, ó sì tú gbogbo omi tó kù níkùn rẹ̀ sí i.

Oje igi ní òun ò lè ṣe é mọ́. Dígí là, gbàà! Omi ya jáde níbi tí ògiri ì bá ti dá a dúró, bí ògiri bá wà. Ó gbá ìkòkò, ó gbá òkúta, gbogbo rẹ̀ ń yí lọ sísàlẹ̀ òkè. Ẹja dé ibú, omi tẹ̀ lé wọn. Òkúta ló dé gbẹ̀yìn, wọ́n sì jókòó pa sí ẹnu ibú, ju bí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Omi kò jò mọ́ títí òjò fi dé. Kò sí ẹja kan tó kú.

Ológbò sì di olóore ní tòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gan-an.

Wọ́n bá a lórí ilẹ̀, ó rí tín-ín-rín bí okùn. Irun lásán ni gbogbo ara tí wọ́n ti ń kí ní "ọ̀gá" látọjọ́ yìí. Bàbá Àrọ̀ ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Ọmọ ìyá mi, a dúpẹ́ o! Ilé yẹn tutù jù fún wa ni."

Ìdí nìyẹn tí Ológbò fi ń gbọn ẹsẹ̀ bó bá tẹ omi, tó sì ń lá ara rẹ̀ títí dòní. Ara rẹ̀ kò tíì gbẹ lọ́kàn rẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí o bá ń kọ́lé fún ẹlòmíràn, kọ́ èyí tí ìwọ náà lè sùn sí. Bó bá sì jẹ́ pé ihò ìkà lo fẹ́ lù dandan, má fi apá wọ̀n ọ́n, orí ni kó o fi wọ̀n ọ́n. Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo sọ, kí Erin wá bu omi lé mi lórí.