Bí Orúkọ Eérúgbayì Ṣe Dé Òkè-Apá

Ogun ti ká Òkè-Apá mọ́. Ògúntúlà, akọni burúkú tó ti sọ ìlú mẹ́ta di ahoro, ti kó igi àti yẹ̀pẹ̀ dí yàrà ìlú, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ń gbé àkàbà bọ̀ níbi odi. Inú ọyẹ́ ni. Oúnjẹ ti tán nínú àká, ọfà ò tó nǹkan mọ́, gbogbo ẹni tó lẹ́sẹ̀ ń gba ẹ̀yìn ìlú sá. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró ọlọ́ṣẹ, obìnrin gíga bí ọ̀pẹ, adúmáadán tí èéfín kò lè ba ẹwà rẹ̀ jẹ́, kò lè sá. Ìbíwùmí, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti ń rọbí láti àná. Ta ni yóò gbé aboyún tó ń rọbí gba inú igbó? Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró dé egungun, ó sì dìde, ó gba orí odi lọ bá Balógun Ọdẹ́ṣìnà.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí àwa ọlọ́ṣẹ gun odi. Eérú wa ń bẹ nílẹ̀ rẹpẹtẹ, a ti jọ̀ ọ́ kúnná.”

“Àwẹ̀ró, ṣé eérú la fi ń jagun ni? O ò gbọ́ pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀?”

“Mo gbọ́, bàbá mi. Ọlọ́ṣẹ kì í da eérú láìmọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Bí oòrùn ọyẹ́ bá ti gòkè díẹ̀, ẹ̀yìn ìlú ni atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ojú Ògúntúlà ni yóò sì gbé e lọ. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á kí n tó wí.”

Balógun gbà. Ni àwọn ọlọ́ṣẹ tí kò tíì sá bá tò sórí odi, oníkálùkù pẹ̀lú igbá eérú. Àkàbà kan odi, gbàgà! Ọ̀tá ń gùn bọ̀. Balógun figbe ta: “Àwẹ̀ró, wọ́n ti dé o! Ẹ dà á!”

“Ẹ dúró, bàbá!” Etí gèlè rẹ̀ ló ń wò, kò tíì mì. Ọwọ́ ọ̀tá yọ lórí odi. Obìnrin kan fi igi ìroṣẹ fọ́ ọ. Àfi fìrì tí etí gèlè mì!

“Ẹ dà á!”

Ayé funfun báláú! Àwọn jagunjagun ń já bọ́ bí ẹyìn tó pọ́n. Àwọn tó sáré lọ fomi bọjú ló jẹ palaba ìyà, torí bí omi bá kan eérú ọlọ́ṣẹ, ó ń bó awọ ara ni. Nígbà tí Balógun ṣí bodè jáde, ìrù ẹṣin ni Ògúntúlà dì mú, tó ń bẹ ẹṣin pé kó mú òun délé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dè é.

Ariwo ayọ̀ ò tíì rọlẹ̀ tí Ìbíwùmí fi bí obìnrin. Balógun dé ẹnu ọ̀nà wọn, eérú kún irùngbọ̀n rẹ̀, ó ṣí fìlà.

“Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọmọ yìí lórúkọ. Ohun tí a ń dà sí ààtàn ló gbayì lójú wa lónìí. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Eérúgbayì.”

Ọkùnrin tí kò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí àfi ọba ìlú rẹ̀ náà wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ ọwọ́. Láti ìgbà náà, ìdílé Àwẹ̀ró nìkan ló ń sọ ọmọbìnrin ní Eérúgbayì, ó sì lè tó ìran méjì kí wọ́n tó tún sọ òmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá sọ ọ́, Balógun Òkè-Apá, ìbáà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, yóò wá, yóò ṣí fìlà, yóò sì dọ̀bálẹ̀ fún un.