Lọ Fọ Ẹ̀fọ́ Rẹ

Àlọ́ o.
Àlọ̀.
Àlọ́ mi rìn títí, ó já sí oko ẹ̀fọ́ Òkété.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi. Ìmàdò ń yọ́ bátìrì ògbólógbòó lẹ́bàá oko náà. Èéfín rẹ̀ ń bà sórí ewé, omi dúdú ń ṣàn wọ ilẹ̀. Ni inú bá ń run àwọn ọmọ Òkété tó ń jẹ ẹ̀fọ́ náà. Òkété bá lọ fi ẹjọ́ sun Ìmàdò.

"Lọ fọ ẹ̀fọ́ rẹ," ni Ìmàdò wí.

Òkété fi omi odò fọ̀ ọ́, inú ń run wọ́n. Ó fi iyọ̀ fọ̀ ọ́, inú ń run wọ́n. Ó bọ̀ ọ́, inú ṣì ń run wọ́n.

Ẹ gbè é fún mi:
Mo fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́ o.
Kò mọ́.
Mo bọ̀ ọ́, mo bọ̀ ọ́ o.
Kò mọ́.

Inú bí Òkété, ó gbẹ́ ilẹ̀ dé ìdí ẹ̀fọ́. Ó bá gbòǹgbò tó ń mu omi dúdú yẹn bí ọmọ tó ń mu ọmú.

Ó se ẹ̀fọ́ náà, ó gbé e fún Ìmàdò lójú gbogbo ẹranko. "Bàbá, mo ti fọ̀ ọ́. Ẹ jẹun."

Ìmàdò ti àwo sẹ́yìn. "Mo ti yó."

Ó yé gbogbo wọn. Wọ́n pa iná rẹ̀, wọ́n ní kó fi imú ara rẹ̀ kó ilẹ̀ burúkú náà kúrò. Títí dòní, imú ni Ìmàdò fi ń tú ilẹ̀. Bó bá fẹ́ sinmi, Òkété á ní:

"Bàbá, ẹ lọ fọ ilẹ̀ yín."