Bí Ìgbín Oníyọ̀ Ṣe Di Ẹni Tí Ń Ru Ilé Kiri

Nígbà láéláé, nígbà tí ilé ìgbín ṣì ń jókòó sílẹ̀ bí ilé gbogbo ẹ̀dá, tí ìgbín fúnra rẹ̀ sì ń rìn kánmọ́kánmọ́ láìru ẹrù kankan, àwọn ẹranko inú igbó ń gbé pọ̀ bí ìjọ kan. Àjànàkú ni ọba wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi í jọba, wọ́n péjọ sẹ́bàá àpáta ńlá kan, wọ́n bá ara wọn dá májẹ̀mú, wọ́n sì fi èékánná fín in sára àpáta náà kí òjò má baà fọ̀ ọ́ nù.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni wọ́n fín. Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ilé ẹlòmíràn àfi bí onílé bá ṣílẹ̀kùn fún un. Èkejì, ẹni tó bá ń ta ohun tí ẹlòmíràn yóò fi sẹ́nu, ìsọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí fún alábẹ̀wò nígbàkígbà. Ẹ̀kẹta, ọba pàápàá wà lábẹ́ òfin. Nígbà tí wọ́n ń fín ẹ̀kẹta yìí, Àjànàkú wúkọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo wọn pé òun gbà.

Wọ́n fi Asín ṣe alábẹ̀wò, nítorí imú rẹ̀ gùn, kò sì sí ohun tó bàjẹ́ tí kò ní gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n fi Ìyá Òòrẹ̀ ṣe adájọ́, nítorí ẹ̀gún ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn débi tí yóò fi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí i létí. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ bá a sọ, àfi kí o dúró lókèèrè kí o sọ ọ́ sókè, kí gbogbo ìlú jọ gbọ́.

Iyọ̀ ni Ìgbín ń tà. Òun nìkan ló mọ ọ̀nà etí òkun, òun nìkan ló sì ń kó iyọ̀ wọ inú igbó. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹranko ṣe fẹ́ràn láti máa lá iyọ̀. Bàbá Oníyọ̀ ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń bu ọlá fún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà òkun jìn, ojúkòkòrò sì wà nítòsí. Ìgbín rí i pé ẹfun funfun bí iyọ̀, àti pé ẹfun kún ẹ̀yìnkùlé òun. Ó bu díẹ̀ mọ́ iyọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó bu púpọ̀ mọ́ ọn. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó fi jẹ́ pé iyọ̀ ló ń bù mọ́ ẹfun.

Nísinsìnyí, ẹ wá gbọ́ ọgbọ́n tó dá. Ó kọ́ ilé kan tó yí kọ́lọkọ̀lọ, yàrá nínú yàrá, tó fi jẹ́ pé ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà kò lè rí ohun tó wà nínú lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ló ń kó iyọ̀ sí, ibẹ̀ náà ló ti ń tà á. Ó wá ra ẹní kan. Bí oníbàárà bá dé, a ká ẹní náà, a so igbá ìwọ̀n kọ́ ẹnu ọ̀nà, a máa kí wọn káàbọ̀ sí ìsọ̀. Bó bá gbọ́ òórùn Asín lókèèrè, a já igbá, a tẹ́ ẹní, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun lọ́sàn-án gangan.

Asín a kan ilẹ̀kùn. "Ìgbín, ṣílẹ̀kùn. Mo wá wo iyọ̀ tí ò ń tà."

"Ọ̀gá Asín, ilé ni ẹ kàn yìí o. Oorun ni mò ń sùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà lọ ka òfin kìíní lára àpáta. Kí ẹ sì sún sẹ́yìn díẹ̀, òórùn yín ti ń wọ inú àlá mi."

Asín a dúró, a rántí pé òfin ni òfin ń jẹ́, a sì padà sílé tòun ti imú gígùn rẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀. Kó tó dé ìsàlẹ̀ òkè, Ìgbín á ti ká ẹní. Ohun tí kò rántí ni pé Ẹlẹ́dàá kì í kan ilẹ̀kùn kí Ó tó rí inú ilé.

Ó sì ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ìgalà ra iyọ̀ fún ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ náà lá a tán, inú rẹ̀ wú, ó sì le bí òkúta. Kò lè mu ọmú, kò lè dìde. Ìgalà sáré gbé e lọ bá Ehoro, ẹni tó mọ egbòogi. Ehoro fọwọ́ tẹ ikùn ọmọ náà, ó sì mi orí. Ó ní òun lè wò ó, ṣùgbọ́n òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú iyọ̀ náà. Bó bá jẹ́ ẹfun, epo ni yóò mu, nítorí omi yóò sọ ẹfun di ògiri sí i nínú. Bó bá jẹ́ eérú, omi ni yóò mu, nítorí ẹni tó bá da epo lé eérú, ọṣẹ ló ń sè. Bí òun bá ṣì í fún un, ọmọ náà kò ní rí ìyálẹ̀ta ọ̀la.

Ìgalà sá lọ sílé Ìgbín, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún pé kí ó sọ bóyá ẹfun ló bù mọ́ ọn tàbí eérú, kí Ehoro lè mọ̀ bóyá epo tàbí omi ni yóò fún ọmọ òun. Ìgbín dá a lóhùn láti inú yàrá kẹta pé iyọ̀ ni iyọ̀, kí ó kọ́ ọmọ rẹ̀ láti má ṣe wọ̀bìà. Asín dé, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́ ìhanrun.

Ariwo náà dé etí Àjànàkú. Ọba dé, ilẹ̀ ń mì. Kò kan ilẹ̀kùn rárá. Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún sókè láti tẹ ilé náà fọ́ pátápátá.

"Kábíyèsí," Ìyá Òòrẹ̀ wí láti ẹ̀yìn, "ọ̀rọ̀ kẹta."

Ẹsẹ̀ ọba dúró lófuurufú. "Ìyá Òòrẹ̀, ọmọ ń kú lọ."

"Mo rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fọ́ ilé Ìgbín lónìí nítorí pé ẹjọ́ yín dára, lọ́la ẹ ó fọ́ tèmi nítorí pé inú ń bí yín. Ẹ fún mi láyè kí n bi í ní ìbéèrè kan."

Ọba sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ẹyin sílẹ̀. Ìgbín tó ń wo ohun gbogbo láti ojú ihò bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ sókè, ó ń yin Ọlọ́run fún òfin kìíní. Àwọn kan máa ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀.

Ìyá Òòrẹ̀ dúró níwájú ilẹ̀kùn. Ó ní kí Ìgbín fetí sílẹ̀, ọ̀nà méjì ló wà, kí ó mú ọ̀kan. "Bó bá jẹ́ ìsọ̀ ni, ṣí i, kí Asín wọlé. Bó bá jẹ́ ilé ni, a ò ní wọlé. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà nínú ilé ẹni, oúnjẹ ẹni ni. Bu iyọ̀ rẹ jáde, kí a rí ọ kí o jẹ ẹ́."

Ìgbín ronú. Bó bá ṣílẹ̀kùn, òwò rẹ̀ ti parí nìyẹn, wọn yóò rí òkè ẹfun. Ó wò ó pé fífi ahọ́n kan iyọ̀ díẹ̀ kò lè pa òun. "Ilé ni," ó wí. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan jáde, ó fi ahọ́n kàn án, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ó dùn.

"Onílé kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀ bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò," ni Ìyá Òòrẹ̀ wí. "Jẹ ẹ́ tán."

Ìgbín gbé e mì. Kíá ni inú rẹ̀ ká, ọrùn rẹ̀ sún kì, ìfófòó funfun sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó jáde lẹ́nu rẹ̀ àti ní gbogbo ara rẹ̀. Ó yí gbirigbiri nílẹ̀.

"Ẹfun ni," ó kígbe. "Ìdá mẹ́ta ẹfun, ìdá kan iyọ̀. Ẹ gbà mí o, ẹ bá mi wá epo."

Kó tó sọ ọ́ tán, Ìgalà ti sáré padà sọ́dọ̀ Ehoro. Ehoro da epo sí ọmọ náà lẹ́nu. Oòrùn kò tíì rọ̀ tí inú rẹ̀ fi rọ̀, ó dìde lórí ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n, ó sì wá ọmú ìyá rẹ̀. Ìgalà wólẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá, omijé sì ń bọ́ sára ọmọ rẹ̀.

Wọ́n fún Ìgbín náà lépo. Nígbà tó jókòó dáadáa, Ìyá Òòrẹ̀ dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé ilé ni, a sì gbà. Láti òní lọ, o kò gbọdọ̀ ta hóró iyọ̀ kan níbẹ̀. Bí o bá wà nínú rẹ̀, ọba kò ní wọlé, Asín kò ní wọlé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá bá a nílẹ̀ láìsí ìwọ nínú rẹ̀, a mọ̀ pé ìsọ̀ ni, oníṣòwò ló jáde lọ. Asín yóò wọlé."

Asín jókòó sí ìdí igi kan ní ọ̀kánkán, ó sì ń fọ imú rẹ̀. Kò yára.

Ìgbín wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó lo ọjọ́ kan. Ó lo ọjọ́ kejì. Ebi dé. Ó yọjú, Asín kí i pẹ̀lẹ́. Ó padà wọlé. Ní ọjọ́ kẹta, ebi kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀rù pẹ̀lú kò lọ. Ìgbín ki ẹ̀yìn rẹ̀ bọ abẹ́ ilé náà, ó mí kanlẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀, kọ́lọkọ̀lọ rẹ̀ àti yàrá rẹ̀, ó sì ń fà á lọ wá ewé jẹ. Àwọn ẹranko rẹ́rìn-ín títí ọ̀bọ fi jábọ́ lórí igi. Ẹlẹ́dàá rí i pé ó ti yan ẹrù rẹ̀ fúnra rẹ̀, Ó sì jẹ́ kí ilé náà lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Láti ọjọ́ náà ni ìgbín ti ń ru ilé rẹ̀ kiri, tí kì í lè yára mọ́, tí iyọ̀ bá kàn án tí ara rẹ̀ á máa hó. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn án, kíá á wọlé, á fẹ́ kí a mọ̀ pé ilé ni. Àwọn ẹranko ń pa òfin náà mọ́, wọn kì í fọ́ ilé rẹ̀ wọlé. Àwa ènìyàn ni kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fín àpáta.